Kí a tó fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tàbí ti eegun ẹ̀yìn: èrè rẹ̀, ewu rẹ̀, àti ohun tó yẹ kí aláìsàn béèrè

Àwọn kókó ọ̀rọ̀

• Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ti eegun ẹ̀yìn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Èrè àti ewu rẹ̀ dá lórí àìsàn tó fà á, ipò tí aláìsàn wà nígbà tó dé ilé ìwòsàn, àti bí ó ti tètè dé tó.

• Iṣẹ́ abẹ kan lè gba ẹ̀mí là láì dá gbogbo agbára padà. Ó yẹ kí ẹbí mọ èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

• Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn dídùn ni yóò lọ láìsí abẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rọ, tàbí tí kò lè tọ̀ mọ́, gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

• Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ àlàyé ní èdè tó yé e, láti béèrè ìbéèrè, àti láti kọ̀.

• Àṣíborí lórí alùpùpù àti folic acid kí obìnrin tó lóyún lè mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má nílò iṣẹ́ abẹ yìí rárá.

Bantama, ibi tí ọ̀nà púpọ̀ pàdé sí

Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Komfo Anokye wà ní àdúgbò Bantama, ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i fún aráàlú. Nígbà tó di ọdún 1975, ó di ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Kwame Nkrumah ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Okomfo Anokye, àlùfáà tí ìtàn Aṣáńtì so mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìjọba wọn. Ibi tí wọ́n ní ó gún idà rẹ̀ mọ́lẹ̀ wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà títí di òní. Ní ọdún 2009, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ńlá kan síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹni tí ọkọ̀ tàbí alùpùpù gbá wá, kì í ṣe láti Kumasi nìkan, ṣùgbọ́n láti àwọn ìlú apá àríwá pẹ̀lú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Gánà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti wá. Àṣẹ tí ìjọba Gánà pa ní oṣù November 1969 lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn kan kù síbẹ̀, àwọn mìíràn sì padà wá. Nítorí náà, ẹni tó dùbúlẹ̀ ní Bantama lè máa fi Twi nájà, kí ó máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu dókítà, kí ó sì jẹ́ pé Yorùbá ni ó fi ń ronú nígbà tí ara kò bá yá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ orí kò sì ṣe é fi èdè àbọ̀ sọ.

Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Lójú Yorùbá, orí ju eegun àti ẹran lọ. Òun ni a ń bẹ̀ pé kó gbè wá. Nígbà tí dókítà bá sọ pé òun fẹ́ ṣí agbárí ènìyàn, àgbà ilé lè dáhùn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe náà tọ̀nà ní àyè rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ orí fífọ́ kò ní ohun tí abẹ lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sí abẹ́ agbárí kì í ṣe orí fífọ́ lásán. Mímọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ó lè pa ènìyàn mọ́ láàyè.

Iṣẹ́ náà kò sì jẹ́ àjèjì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ọdún 1962 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní UCH, Ìbàdàn. Ní Gánà, J. F. O. Mustaffah ni ó ṣe aṣíwájú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Korle Bu, ní Accra.

Kí ni “ó yọrí sí rere” túmọ̀ sí?

Dókítà lè sọ pé iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere nítorí pé òun ti kó ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò, àwòrán sì ti mọ́. Ìyàwó aláìsàn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè máa retí pé baálé òun yóò padà sí ìsọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́, ohun méjì ni wọ́n ní lọ́kàn.

Kí irú èdè-àìyedè yìí lè dínkù, Bryan Jennett àti Michael Bond ní ìlú Glasgow gbé ìwọ̀n onípele márùn-ún kalẹ̀ ní ọdún 1975. Ìpele àkọ́kọ́ ni ikú. Èkejì ni ẹni tó wà láàyè ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tó ń lọ ní àyíká rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n tó nílò ìrànlọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí àbùkù díẹ̀ kù sí lára, ṣùgbọ́n tó lè dá ṣe ti ara rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni ẹni tó padà sí ìgbésí ayé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lè ka ìpele márààrún yìí fún wọn, kí ó sì sọ èyí tó ṣeé ṣe jù fún ènìyàn wọn. Ìyẹn sàn ju kí ó kàn sọ pé “a ó gbìyànjú” lọ.

Orí tó fara pa

Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera ń wò ni bí iyè aláìsàn ṣe sọ tó. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní 1974: ojú ṣíṣí gba máàkì 4, ọ̀rọ̀ sísọ gba 5, ìṣísẹ̀ ara gba 6. Àpapọ̀ rẹ̀ kì í ju 15 lọ, kì í sì í kéré sí 3. Ẹni tó bá ní 13 sí 15, ìfarapa rẹ̀ fúyẹ́; 9 sí 12 wà láàárín; 8 sí ìsàlẹ̀ le gan-an.

Ọ̀rọ̀ èdè wọ inú ìwọ̀n yìí. Àgbàlagbà tí wọ́n bi ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Twi, tó sì dáhùn ní Yorùbá, lè dàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, kí wọ́n sì dín máàkì rẹ̀ kù láìtọ́. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì wá ẹni tó gbọ́ èdè aláìsàn kí ó tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Oríṣiríṣi ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú orí, àbájáde wọn kò sì rí bákan náà. Èyí tó dà sáàárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni náà lè dìde níbi tó ṣubú sí, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó tilẹ̀ ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, oorun àìmọ̀ lè gbé e, kí ojú rẹ̀ kan sì fẹ̀ ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá tètè gbẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà jáde kí ọpọlọ tó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń padà sí bí wọ́n ti wà. Bí ó bá pẹ́, abẹ tó mú jù lọ kò ní lè dá ohun tó ti lọ padà. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ẹni tó dákú lẹ́yìn ìjàǹbá sílẹ̀ kí ó sùn ún dànù.

Irú mìíràn a máa rọra wá. Bàbá àgbà ṣubú ní balùwẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀. Ilé lè gbà pé ó ń ṣàrán ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ sí orí ọpọlọ. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tóbi: ihò kékeré kan tàbí méjì ni wọ́n ń lu sí agbárí láti fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Cambridge pẹ̀lú aláìsàn 215, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, fi hàn pé bí wọ́n bá fi rọ́bà kan sílẹ̀ láti máa fa èyí tó kù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tún dà fún kò ju ìdá 9 nínú 100 lọ. Láìsí rọ́bà, ó tó ìdá 24. Àwọn tó kú láàárín oṣù mẹ́fà pẹ̀lú dínkù, láti nǹkan bí ìdá 18 sí ìdá 9 nínú 100.

Ìpinnu tó nira jù ni ti ọpọlọ tó wú. Bí oògùn kò bá dá wíwú náà dúró, oníṣẹ́ abẹ lè gé apá ńlá kan lára agbárí kúrò kí ọpọlọ lè rí àyè. Ìwádìí kan tó kárí orílẹ̀-èdè púpọ̀, tó jáde ní 2016, tẹ̀lé aláìsàn 408 tí ó wà ní irú ipò yìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 27 nínú 100 ló ti kú nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nínú àwọn tí wọ́n ń bá ìtọ́jú oògùn lọ fún, ìdá 49 ni. Ìyẹn ni èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè láì mọ ohunkóhun tó ìdá 8.5 lọ́wọ́ kan, ìdá 2.1 lọ́wọ́ kejì. Àwọn tó nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ní kúkúrú, abẹ náà yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ikú, ó sì kó apá kan nínú wọn sínú ìgbésí ayé tó le. Kò sí dókítà tó lè bá ẹbí yan èwo ni wọ́n fẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ohun méjì kan wà tí òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn kékeré gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kí wọ́n tó gbé aláìsàn lọ sí Kumasi. Ìkíní, kí wọ́n má ṣe fún ẹni tí orí rẹ̀ fara pa ní oògùn steroid ní ìrètí pé yóò dín wíwú kù. Ìwádìí tó gba àgbàlagbà 10,008 fi hàn ní 2004 pé ó ń fi kún ikú: ìdá 21.1 nínú 100 ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní ìfiwéra pẹ̀lú ìdá 17.9 láàárín àwọn tí wọn kò fún. Èkejì, oògùn tranexamic acid lè dín ikú kù láàárín àwọn tí ìfarapa orí wọn fúyẹ́ tàbí tó wà láàárín, bí wọ́n bá fún wọn láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìwádìí tó jáde ní 2019 ni ó fi èyí hàn.

Omi tó kóra jọ nínú orí ọmọ

Nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn ni omi kan ti ń ṣàn. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, yálà láti inú oyún tàbí lẹ́yìn àkóràn, orí ọmọ yóò máa tóbi, àwùjẹ rẹ̀ yóò wú, ojú rẹ̀ yóò sì máa wo ìsàlẹ̀ bí oòrùn tó ń wọ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, yóò ba ojú àti ọpọlọ ọmọ náà jẹ́.

Ọ̀nà méjì ni oníṣẹ́ abẹ ń gbà. Èkíní ni kí wọ́n ri rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ awọ, láti orí dé inú ikùn, kí omi lè máa ṣàn lọ. Rọ́bà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè dí, ó sì lè kó àkóràn, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ní iná lórí wọ inú ọpọlọ, kí wọ́n lu ihò tuntun fún omi náà, kí wọ́n sì jó ibi tí omi ti ń jáde díẹ̀. Benjamin Warf ni ó sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀ nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Mbale, ní Ùgáńdà. Ní ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti fi ọ̀nà méjèèjì wéra láàárín ọmọ ọwọ́ 100. Àbájáde tó jáde ní 2017 fi hàn pé, lẹ́yìn ọdún kan, òye àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀ síra. Ìtọ́jú kùnà lára ìdá 35 nínú 100 tí wọ́n lu ihò fún, àti ìdá 24 tí wọ́n fi rọ́bà sí lára. Ìyàtọ̀ náà kò tó láti sọ pé ọ̀kan borí èkejì. Ìyá tó bá ń gbé níbi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn lè fẹ́ràn ọ̀nà tí kò fi rọ́bà sí ọmọ rẹ̀ lára. Òmíràn lè yàn èkejì. Kí wọ́n béèrè èyí tí dókítà wọn mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Apá kan nínú àìsàn yìí máa ń bá eegun ẹ̀yìn tí kò dì pọ̀ láti inú oyún rìn. A lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin tó bá lè lóyún yẹ kó máa lo folic acid, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, kí oyún tó dúró àti ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìwádìí 1991 fi hàn pé láàárín àwọn ìyá tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, folic acid tó pọ̀ sí i, ìyẹn mílígíráàmù 4, dín in kù ní ìdá 72 nínú 100. Dókítà ni kí ó kọ ìwọ̀n gíga yìí fún wọn.

Eegun ẹ̀yìn

Ẹ̀yìn dídùn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ru ẹrù lórí, àwọn tó ń wa ọkọ̀ àti àwọn tó ń jókòó pẹ́ ní ìsọ̀. Bí kókó rírọ̀ àárín eegun ẹ̀yìn méjì bá yọ síta, ó lè tẹ iṣan ìmọ̀lára, kí ìrora sì máa ta láti ìdí dé ẹsẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ìwádìí 2007 pín aláìsàn 283 sí méjì: àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá, àwọn yòókù ní sùúrù pẹ̀lú oògùn àti ìrìn. Ara àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ tètè balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún fi máa yí po, ìdá 95 nínú 100 lápá méjèèjì ló sọ pé ara àwọn ti yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá 39 nínú àwọn tó kọ́kọ́ dúró padà ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni tó lè mú ìrora náà mọ́ra lè dúró. Ẹni tí kò lè mú un mọ́ra kò ṣàṣìṣe bó bá yan abẹ.

Sùúrù yìí kò sí fún àwọn àmì kan: kí ibi tí ènìyàn fi ń jókòó kú tipiri, kí ìtọ̀ dúró tàbí kí ó máa dà láìmọ̀, kí ìgbẹ́ máa bọ́, kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa rọ. Kí ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ikọ́ ife kì í mọ sí àyà nìkan. Ó lè jẹ eegun ẹ̀yìn títí tí iké yóò fi yọ. Oògùn ikọ́ ife ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù, láìdá a dúró. Wọ́n ń fi abẹ kún un bí ẹsẹ̀ bá ń rọ láìka oògùn sí, tàbí bí eegun kò bá lè gbé ara ró mọ́. Iṣẹ́ abẹ láìlo oògùn náà tán kò wúlò.

Fún ẹ̀yìn tó tẹ̀ tàbí tó wọ́ gan-an, ilé ìwòsàn FOCOS wà ní Accra, èyí tí Oheneba Boachie-Adjei, oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n bí ní Kumasi, dá sílẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n a máa kọ́kọ́ fi irin yí orí aláìsàn ká, kí wọ́n sì máa fa eegun náà nà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí abẹ tó kàn án, nítorí pé títọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa iṣan ìmọ̀lára lára.

Ní ti ẹni tí ìjàǹbá dá eegun ẹ̀yìn rẹ̀, irin tí wọ́n ń fi sí i ń mú kí eegun dúró, kí aláìsàn lè tètè jókòó, kí ìbàjẹ́ má sì fi kún un. Bí okùn ìmọ̀lára inú eegun náà bá ti já pátápátá, iṣẹ́ abẹ kò ní mú kí ẹsẹ̀ tún rìn. Òtítọ́ yìí dun ẹnu láti sọ, ṣùgbọ́n ẹbí tí kò gbọ́ ọ lè ta ilẹ̀ àti ọjà nítorí ìrètí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún wọn.

Àwọn ewu tó yẹ kí a mọ̀

Gbogbo iṣẹ́ abẹ ńlá ló ní ewu ẹ̀jẹ̀ dídà, àkóràn ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ tó sì lè gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àti ìṣòro tó jẹ mọ́ oògùn akunnilóorun. Ti ọpọlọ tún ní tirẹ̀: gìrì, apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ọ̀rọ̀ tó dí, ìyípadà nínú ìwà àti ìrántí, omi ọpọlọ tó ń jò, àti ẹ̀jẹ̀ tó tún dà tó fi di dandan kí wọ́n padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ti eegun ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀: awọ tó bo iṣan ìmọ̀lára lè ya, iṣan lè fara pa, irin lè tú tàbí kí ó ṣẹ́, ìrora sì lè kù sílẹ̀ lẹ́yìn ohun gbogbo.

Ewu náà ga fún arúgbó, fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sí lábẹ́ ìkáwọ́, fún ẹni tó ń mu sìgá, àti fún ẹni tí wọ́n gbé dé nígbà tí iyè rẹ̀ ti ra. Ẹni tó ní àrùn foniku-fọladìde gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kun ún lóorun.

Ohun tó ń dín ewu kù

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àkójọ àyẹ̀wò kan jáde ní 2008, èyí tí wọ́n ń kà sókè ní ìgbà mẹ́ta: kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí wọ́n tó la ara, àti kí aláìsàn tó kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ta ni aláìsàn yìí? Ibo gan-an ni a fẹ́ ṣe? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀? Ṣé gbogbo irinṣẹ́ pé? Nínú ilé ìwòsàn mẹ́jọ tí wọ́n ti dán an wò, ikú dínkù láti ìdá 1.5 sí ìdá 0.8 nínú 100, ìṣòro ńláńlá sì dínkù láti 11 sí 7. Ìtọ́nisọ́nà àjọ náà ní 2016 sì sọ pé kí wọ́n má ṣe fi abẹ fá irun ibi tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ sí. Bó bá di dandan, ẹ̀rọ ìgẹrun ni kí wọ́n fi gé e, nítorí pé abẹ ń fi ojú ọgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ tí àkóràn ń gbà wọlé.

Aláìsàn pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó sọ gbogbo oògùn tó ń lò, àgbo àti aspirin pẹ̀lú, torí pé àwọn kan ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Kí ó má ṣe jẹun ní wákàtí tí wọ́n bá ní kó má jẹun. Kí ẹbí wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ohun tó dín ewu kù jù ni kí ìjàǹbá má ṣẹlẹ̀ rárá. Àkójọpọ̀ ìwádìí fi hàn pé àṣíborí ń dín ikú àwọn tó ń gun alùpùpù kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69.

Owó

Ètò adójútòfò ìlera ti Gánà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2003. Ìlànà tó tẹ̀lé e ní 2004 yọ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kúrò nínú ohun tí ètò náà ń san owó rẹ̀, àfi èyí tó bá ti inú ìjàǹbá wá. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí. Ẹni tí alùpùpù gbá lè wà lábẹ́ ààbò. Ẹni tí kókó hù nínú ọpọlọ rẹ̀ lè má sí níbẹ̀. Kí ẹbí lọ sí ọ́fíìsì ètò náà pẹ̀lú káàdì aláìsàn, kí wọ́n béèrè ohun tó kàn wọ́n gan-an, kí wọ́n sì bi òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn bí ìrànwọ́ mìíràn bá wà. Kí wọ́n ṣírò oògùn, àwòrán, fisiotẹ́rápì àti owó ọkọ̀ fún ìpadàbọ̀, kì í ṣe owó abẹ nìkan.

Kí ọwọ́ tó kan ìwé

Ìwé ìyọ̀ǹda kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi ń gba ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́. Ẹ̀rí ni pé àlàyé yé aláìsàn. Bí èdè bá ń dí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n béèrè ògbufọ̀ tó dàgbà. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ ìròyìn ikú àti ìyè fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá ń gbẹnu sọ fún aláìsàn lè béèrè báyìí:

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ àìsàn yìí, kí ni ẹ sì fẹ́ ṣe sí i?”

“Bí a kò bá ṣe é, kí ni ó lè ṣẹlẹ̀? Bí a bá dúró díẹ̀ ńkọ́?”

“Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó wà ní irú ipò bàbá wa, mélòó ni yóò tún lè dá jẹun, kí ó dá wẹ̀, kí ó sì dá rìn?”

“Ewu wo ló bà yín lẹ́rù jù nínú èyí?”

“Ta ni yóò ṣe é, ó ha ti ṣe irú rẹ̀ rí?”

“Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yé mi, kí ẹ bá mi tún un ṣe bí mo bá ṣì í gbọ́.”

Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá gba ìbéèrè wọ̀nyí tọwọ́tẹsẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò. Bí ó bá ní pàjáwìrì ni, tí aláìsàn kò sì lè sọ̀rọ̀, àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹbí sàn ju ìbúra àti ẹjọ́ lọ lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ilé ni ọ̀pọ̀ nínú ìwòsàn ti ń parí. Kí wọ́n máa yí ẹni tí kò lè dá yíra padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa jẹ ẹ́ lára. Kí wọ́n fọwọ́ mọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan rọ́bà ìtọ̀. Kí wọ́n má ṣe da oògùn gìrì dúró láìsí àṣẹ dókítà. Kí wọ́n má ṣe fi epo, ewé tàbí ìyẹ̀fun kankan sí ojú ọgbẹ́.

Kí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí ibà bá mú u, bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣe ọyún tàbí tí omi tó mọ́ gaara ń jáde níbẹ̀ tàbí ní imú, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, bí oorun rẹ̀ bá kọjá bó ṣe yẹ, bí gìrì bá mú u, tàbí bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá tún rọ. Ti ọmọ tí wọ́n fi rọ́bà sí lára, kí ìyá rẹ̀ máa fi ọwọ́ kan àwùjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá wú tó sì le nígbà tí ọmọ jókòó láìsunkún, kó gbé e lọ.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìbínú òjijì àti ìgbàgbé wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìfarapa ọpọlọ. Kì í ṣe ìwàkíwà, ara àìsàn náà ni. Kí ẹbí sọ ọ́ fún dókítà ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sì rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí ìtọ́jú tó gba oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan kò ṣe é dá ṣe.